Gbèsè Tíì Lórí Òkè

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gba Pendleton ní Salford lọ, kó béèrè Àbẹ̀ní opó tó ń ta bàtà àti kóòtù àlòkù, kó ní kó ṣí àpótí owó rẹ̀ fún òun wò.

Títílọpẹ́ tó ń ṣe irun ní Broughton ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá. Ọdún 2011 ni, oṣù karùn-ún. Ó ń wọn bàtà kan lọ́wọ́ nígbà tó ní:

"Màmá Dèjì, mo gbọ́ pé Akíndèjì ń lọ gun òkè ní Peru."

"Ta ló ń gun kí ni?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Òun àtàwọn ará ibiṣẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n ti gba annual leave."

"Èmi ni mo bí i, ìwọ lo mọ ibi tó ń lọ. Pọ́n-ùn mẹ́jọ ni bàtà yẹn. Má nà án mọ́, ẹsẹ̀ ẹ ló tóbi."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ní ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ nìyẹn. Ikọ́ fée ń bá ọmọ náà jà láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ọsibítù, tí ètè rẹ̀ ti dúdú. Òkè tó ga tó báyẹn, èémí kì í tó èèyàn níbẹ̀. Ìyẹn ló ń já Àbẹ̀ní láyà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Akíndèjì ti ṣọ́ọ̀ṣì wá mú bàtà. Àbẹ̀ní bá a jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ò gbọ́. Ló bá kúkú fa bàtà kan yọ lórí pẹpẹ.

"Wọ eléyìí. Kì í ṣe tuntun. Tuntun á bó ẹ lẹ́sẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Tẹ́ ẹ bá dé ìlú ìsàlẹ̀, ẹ sinmi ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó máa gòkè. Rọra máa rìn, bí ẹni tó ru omi. Bí orí bá ń fọ́ ẹ, sọ̀ kalẹ̀, má ṣe bí akin. Mú ṣéńjì dání, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ owó ńlá lókè. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá afárá olókùn kejì, ẹ ó rí òkúta tí wọ́n tò jọ. Ọ̀nà pín níbẹ̀. Má gba òsì. Ọ̀tún ni kó o gbà. Ìyá kan ń ta tíì ewé níbẹ̀, onífìlà dúdú, eyín òkè ẹ̀ kan ti yọ. Mo jẹ ẹ́ ní sol mẹ́rin. Bá mi san án."

Bọ́ọ̀sì kan kọjá lóde, ó lọ.

"Mummy," Akíndèjì rọra ní. "Ìgbà wo lẹ lọ sí Peru?"

Àbẹ̀ní ò dé Peru rí. Láti Abẹ́òkúta sí Èkó, láti Èkó sí Manchester, ibi tó mọ láyé nìyẹn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ sol, orúkọ owó Peru. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tajà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáà sọ ọ́. Ẹnu náà sì korò, bí ẹnu ẹni tó ń jẹ ewé.

"Gbé bàtà ẹ," ló ní. "Má gbàgbé owó ìyá yẹn."

Nígbà tó di oṣù kẹfà, òun àtàwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Akíndèjì pè láti ìlú ìsàlẹ̀. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. Ó ní àwọn fi ọkọ̀ rọ́bà sáré lórí odò, omi ń gbé àwọn sọ bí ìpẹ́pẹ́ igi. Ó ní àwọn gun kẹ̀kẹ́ láti orí òkè wá sí àfonífojì. Ó ní àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa ru ẹrù tó ju àwọn fúnra wọn lọ, wọn a sì tún máa kọrin.

"Òkè ibí ga, Mummy. Yìnyín funfun báláú lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ṣé ẹ ti sinmi ọjọ́ méjì?"

"A ti sinmi, mà."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Àbẹ̀ní ń to bàtà. Ló bá ṣàkíyèsí pé òun ò gbúròó mọ́tò mọ́. Kò gbúròó èèyàn. Ó mí, èéfín jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú oṣù kẹfà. Àyà rẹ̀ há. Ó di pẹpẹ mú.

"Ọ̀tún," ló sọ sókè. "Ọ̀tún ni mo ní."

Kò sẹ́ni níbẹ̀. Òórùn tíì ewé gba ṣọ́ọ̀bù kan. Lẹ́yìn náà, ariwo títì padà.

Ọjọ́ kejì ni Akíndèjì tó pè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mummy, kùrukùru bò wá lánàá. A ò rí ara wa mọ́. Èmi ò lè mí. Wọ́n ní ká gba òsì. Mo ní rárá, màmá mi ní ọ̀tún. Wọ́n ní, 'Màmá ẹ tó ń ta bàtà ní Salford?' Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé mi."

"Ẹn-ẹn."

"Ìyá náà jókòó síbẹ̀. Fìlà dúdú. Eyín yẹn náà. Ó fún mi ní tíì, àyà mi là. Nígbà tí kùrukùru ká, ọ̀nà òsì ti wó lulẹ̀, Mummy. Ọ̀gbun ló kù. Ẹni tó ń mú wa rìn ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó ń ta nǹkan níbẹ̀. Ife ṣì gbóná lọ́wọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́."

Àbẹ̀ní fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"O san owó ẹ̀?"

"Ó wo bàtà mi, ó na ìka mẹ́rin sókè. Ṣùgbọ́n mi ò mú ṣéńjì, mà. Owó bébà sol mẹ́wàá ni mo fún un."

"Mo kìlọ̀ fún ẹ."

"Mo ní kó máa mú u lọ. Ó kọ̀. Mo gbọ́ Spanish díẹ̀ láti school. Ó ní òun á fúnra òun mú ṣéńjì yín wá fún yín."

Àbẹ̀ní gbé fóònù sílẹ̀. Ó rọra ṣí àpótí owó. Láàárín pọ́n-ùn, ẹyọ owó mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò rí rí. Yìnyín ṣì lẹ̀ mọ́ wọn. Sol méjì ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó kà á. Ó tún un kà.

Mẹ́fà. Ó pé.