Elétí, Ehoro Àbúrò Mi

Ní ọ̀sán tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ilé-ìwé tí à ń gbé, àbúrò mi sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó gbá Elétí mọ́ àyà.

Ehoro aláṣọ ni Elétí. Ìyá wa, tí ó jẹ́ télọ̀, ló fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bàbá wa rán an lẹ́yìn tí bàbá kú. Etí rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, nítorí aṣọ ò tó. Káfíńtà ni bàbá. Òórùn òógùn rẹ̀ àti ti lẹ́búlẹ́bú pákó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lára, ìyá kì í sì í jẹ́ kí omi kàn án, kí òórùn náà má baà lọ.

Kò sẹ́ni tó rán tèmi. “Ìwọ ti dàgbà,” ni ìyá wí. Lóòótọ́, mo ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ta ló ní àárò kì í sọ àgbà? Mo rọra fa Elétí yọ, mo tì í sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù inú àpò mi.

Ní ilé-ìwé, bí mo bá ti fi imú kàn án, á dà bíi pé bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí iṣẹ́ dé. Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá pè mí lórí fóònù mátírọ́ọ̀nù.

“Àbúrò rẹ ò jẹun. Ó ti tú gbogbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O ò rí Elétí?”

“N ò rí i, mà.”

Mo ní lọ́kàn mi pé màá dá a padà bí mo bá lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Àṣé ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Nígbà tí mo ti kíláàsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, alágbàfọ̀ ilé-ìwé ti kó o mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo bá Elétí lórí okùn, tí omi ń kán lára rẹ̀.

“Mo ti bá ọ fọ̀ ọ́, ọmọ mi!” ni alágbàfọ̀ náà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ìdọ̀tí tó jáde níbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́!”

Mo fi imú kàn án. Òórùn ọṣẹ nìkan ni. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀, àbúrò mi já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó gbóòórùn etí rẹ̀, ó gbóòórùn ikùn rẹ̀, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Èyí kọ́,” ló wí. “Ti Bàbá dà?”

“Òun náà ni. Èmi ni mo jí i. Wọ́n ti fọ̀ ọ́.”

Ó gbé ehoro náà padà lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá nídìí máṣíìnì rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àárò Bàbá ló ń sọ mí.”

“O ò wá lè sọ fún mi?” Ó dá máṣíìnì dúró. “Ẹkún ni mo fi rán ehoro yẹn. À bá jọ máa gbé e.”

Àbúrò mi kò tíì pé ọdún kan nígbà tí bàbá kú. Ó wá jókòó tì mí. “Báwo ni òórùn Bàbá ṣe rí?”

“Bíi pákó tuntun tí oòrùn ń pa.”

Ó di ojú. “Tún un sọ.”

Mo tún un sọ títí ohùn mi fi há. Òórùn náà kò padà mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí àárò bá ń sọ yín, ẹ wí i fún ará ilé yín. Ohun tí a bá tọrọ, a lè jọ ní in. Èyí tí a bá jí, ẹni tó ni ín pàdánù rẹ̀, ẹni tó jí i náà ò sì rí i lò.