Ọkùnrin Ẹ̀yìn Òpó

Ìbẹ̀rù ni Edris gbé wọ àgbàlá Tíṣà Nematullah lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Nilab. Agbọ̀n búrẹ́dì wà lórí rẹ̀, ìwé ewì àtijọ́ sì wà lábẹ́ búrẹ́dì náà. Ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ ìtàkùn àjàrà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Yíǹkì ti ta sí i níka.

"Búrẹ́dì rẹ wúwo lónìí," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹsẹ̀ Edris fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà náà ní ìlú Herat, àwọn tó ń ṣèjọba ti ti sinimá pa, wọ́n sì ń tú ilé onílé wá ìwé àti fíìmù tí wọ́n ti fòfin dè. Edris ló ń yí fíìmù fáwọn òǹwòran ní sinimá tẹ́lẹ̀. Ilé búrẹ́dì bàbá rẹ̀ ló kù tó ti ń ṣiṣẹ́. Nematullah, olùkọ́ lítíréṣọ̀ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ń kọ́ ọ ní ewì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Nilab, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, a máa jókòó tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, oorun gbé Tíṣà lọ lórí ìrọ̀rí. Edris bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fíìmù tó fẹ́ràn jù fún Nilab.

"Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yẹn fi dúró de obìnrin náà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Gbogbo èèyàn ló máa ń sunkún. Ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn."

"Obìnrin náà ò wá rárá?"

"Ó wá lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn òpó, wọn ò pàdé."

"Ibo lọkùnrin náà ń wò?"

Edris ronú. Àìmọye ìgbà ló ti yí fíìmù náà, ó rántí ojú ọkùnrin yẹn dáadáa. "Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó rí i nígbà náà. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ̀yin wá ń pè é ní ìfẹ́." Nilab bu tíì sí i ní ife. "Ọ̀gá onísinimá, o ò tíì wo fíìmù rẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni Edris ń kà nínú ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn oníbọn ìjọba wọlé Tíṣà. Wọn ò rí ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n gbá bàbá létí níṣojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Edris dé, Tíṣà dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Má wá síbí mọ́, ọmọ mi. Ìbátan wa kan wà lára wọn, ó fẹ́ fi Nilab ṣaya. Wọn ò ní tú ilé tirẹ̀, ọmọ mi yóò wà láìléwu níbẹ̀."

Edris lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń po ìyẹ̀fun, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ààbò Nilab lòun ṣe jìnnà. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó rí i pé ẹ̀yìn òpó lòun náà wà. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun lọ tọrọ Nilab, àwọn méjèèjì sì gba iwájú àwọn oníbọn kọjá lọ sílé Tíṣà lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" Tíṣà bi í.

"Ó ń bà mí gan-an, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sílé, ẹ̀rù yẹn ni n ó máa pè ní ìfẹ́ títí n ó fi darúgbó."

Tíṣà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Nilab wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù."

Bàbá fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá fáwọn àna òun.

Wọ́n so yìgì wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, láìsí ìlù, láìsí orin. Nilab wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Àṣà wọn ni pé ìyàwó kì í fèsì títí wọn yóò fi bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó gba ọkọ. Bí àlùfáà ti bi í lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu géètì. Gbogbo wọn rò pé àwọn oníbọn ti dé.

"Mo gbà á," ni Nilab wí.

Àlùfáà ò bi í mọ́. Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ títí ọkọ̀ náà fi lọ. Edris na ọwọ́ gba abẹ́ aṣọ ìkélé. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tutù rinrin, ó sì dì í mú títí ó fi móoru.