Ìlà Tó Wọ Inú Ẹrẹ̀

“Kertu, ṣé o rin ibẹ̀ lóòótọ́?”

Màmá Dzidra ló béèrè, àgbà Valka tó ń gbé létí odò. Gbogbo ojú yí sí mi nínú gbọ̀ngàn ìpàdé.

Odò kékeré yẹn ló pín Valga tiwa, ní Estonia, níyà sí Valka tiwọn, ní Latvia. Ìlú méjèèjì fẹ́ jọ la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan, kí wọ́n sì ṣe afárá sí i. Ìyá àgbà mi ń gbé ní Valka, orúnkún ń dùn wọ́n, títì ńlá ni wọ́n sì ń yí gbà kí wọ́n tó dé ilé wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àwa ọmọ ilé ìwé kò le: ọmọ Valga á rin ilẹ̀ Valka, ọmọ Valka á rin tiwa, pẹ̀lú àgbà tó mọ ibẹ̀, kí a lè fa ìlà ibi tí ọ̀nà máa gbà. Ralfs, ọmọ Valka, rin tiwa, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Èmi ńkọ́? Ojú ń tì mí, èdè wọn ò sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo jókòó sílé, mo wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, mo fi rúlà fa ìlà tó gún régé.

“Mo rìn ín, mà.”

Màmá Dzidra bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wo ọmọ tó ń rìn lórí omi! Bí yìnyín bá ti yọ́, ibi tó o fàlà sí yìí máa ń mù mí dé ìbàdí. Àbí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ fẹ́ ṣe afárá fún ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Ralfs. “O ò ṣe pè mí? Ǹ bá bá ẹ ṣe ògbufọ̀.”

Alága pa ìwé dé. Ọjọ́ yẹn ni ìlú méjèèjì ì bá fọwọ́ sí i. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Inú bí mi sí Màmá Dzidra, sí alága, sí odò pàápàá. Mo lọ rojọ́ fún ìyá àgbà. Wọ́n ń gé búrẹ́dì dúdú, wọn ò wojú mi.

“O fi ọdún kan kún ìrìn mi,” ni wọ́n wí. “Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?”



Lọ́jọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn Màmá Dzidra. Wọ́n wo bàtà funfun mi, wọ́n pòṣé, wọ́n ju bàtà òjò ọkọ wọn sí mi. A rìn títí. Lẹ́yìn igi ápù kan ni ilẹ̀ gbígbẹ wà, ogún ìṣísẹ̀ sí ìlà mi. Ogún péré!

Ìyá àgbà ṣì ń yí gba títì. Bí wọ́n bá ti dé, tí wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún, mo máa ń wolẹ̀. Ilẹ̀ tí ìlú méjì jọ ni, ẹnì kan kì í dá jókòó sílé fàlà sí i. Ẹni tójú ń tì láti béèrè, tó wá fi irọ́ bò ó, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni yóò jìyà rẹ̀.