Ọ̀nà Tí Rafiat Lọ Wò Sílẹ̀

Irọ́ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe Rafiat ló kọ́kọ́ pa á. Àǹtí rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lóṣù karùn-ún ọdún 2005, ní Hartstown, àdúgbò kan ní Dublin nílẹ̀ Ireland, nígbà tí gbogbo ìlú náà ń kọ́lé bí ẹni tí kò ní í kú mọ́. Tàjùdíìnì, aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Damastown, mú àbúrò rẹ̀ wá kí wọn. Àlíyù lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni l'Ábẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì wá lò.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ síbi iṣẹ́," Tàjùdíìnì ní. "Ta ni yóò mú un rìn wo ìgboro?"

"Rafiat ńkọ́?" Àǹtí Túnbọ̀sún dáhùn. "Ó mọ Dublin bí ẹni mowó!"

Tírèé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Rafiat. Ọdún mẹ́rin ló ti wà nílùú náà, kò sì mọ̀ ju ilé, ilé ìwé àwọn ọmọ àǹtí rẹ̀, àti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n àlejò náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnu Rafiat sì ṣe tirẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́."

Kí ló wá ṣe? Láàárọ̀, tó bá ti fi àwọn ọmọ sílé ìwé, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àdúgbò kan, á rìn ín já, á há orúkọ àwọn òpópónà rẹ̀ sórí, á sì sáré padà wá mú àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, á mú Àlíyù lọ síbẹ̀, á máa nàka bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Báyìí ló ṣe mú un dé Moore Street, níbi tí àwọn ìyá àgbà òyìnbó ti ń polówó ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta gàrí. Ó mú un dé Liberties, níbi tí òórùn ọkà tí wọ́n ń yan fún ọtí ti bo gbogbo àdúgbò.

"Àwọn ará ibí ń mutí láì gbé ife," Àlíyù ní. "Ṣé àlùwálà wa kò tíì bàjẹ́ báyìí?"

Rafiat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé òun ti wọ gàù.

Stoneybatter ni àṣírí ti tú. Àwọn ilé bíríkì pupa kéékèèké fara ti ara wọn níbẹ̀. Ìyá òyìnbó kan tó ń fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí Rafiat, ó juwọ́ sí i.

"Ah, you're back, love! Did you get your bus yesterday?"

Àlíyù yíjú sí i. "Àná? Ìwọ tí o mọ ibí láti ọdún mẹ́rin?"

Ojú ti Rafiat, ó jẹ́wọ́. Ó rò pé Àlíyù yóò bínú. Ńṣe ló na áńkáṣífì sí i kó fi nu omijé ojú rẹ̀.

"Nínú òjò àná yẹn? Nítorí tèmi?"

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá Àlíyù."

"Má pè mí ní bùọ̀dá mọ́, ọ̀wọ́n mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹnìkan ò kàwé sílẹ̀ dè mí rí."

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Rafiat lára lọ́jọ́ náà bí òtútù ilẹ̀ yẹn ṣe ń wọni lára, láì kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Àlíyù padà, wọ́n dúró létí òkun ní Ringsend, wọ́n ń wo òpó èéfín gíga méjì ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀la ni màá lọ wo Howth sílẹ̀," Rafiat ní. "Ọ̀tunla, a jọ lọ."

"Rafiat, mo fẹ́ fẹ́ ọ." Àlíyù kò tilẹ̀ gbọ́ Howth. "Mo ti sọ fún ìyá mi. Ó ní yìgì kan kò ní í so, àfi kí òun fojú ara òun rí ìyàwó. Wá sílé lóṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kan péré."

Inú Rafiat dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Ẹni tó wá tọrọ ààbò, tó bá fẹsẹ̀ kan kúrò nílùú, ẹjọ́ rẹ̀ dànù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òfin kan wà nílé Àǹtí Túnbọ̀sún, ó sì wà nílé gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò náà: ọ̀rọ̀ ìwé kì í jáde lẹ́nu. O lè bèèrè àìsàn ẹni, o lè bèèrè ọkọ tó kọ ẹni sílẹ̀. A kì í bèèrè ìwé.

"Mi ò ní lè wá."

"Kí ló dé?"

"Mi ò kàn ní lè wá ni."

Ojú Àlíyù yí padà. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nìyẹn nígbà tí bàbá wa kú. 'Mi ò ní lè wá.' Kò sọ ìdí. Ìyá mi sunkún ọkọ, ó tún sunkún ọmọ. Ṣé a ti kéré lójú ẹ̀yin ará ibí ni?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Dúró dè mí."

"Títí dìgbà wo?"

Rafiat kò mọ̀. Ta ló mọ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wo Howth sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dúró níbùdó bọ́ọ̀sì fún wákàtí méjì. Àlíyù kò wá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti wọ bàálù lọ.

Oṣù kọkànlá ni ìwé jáde. Rafiat forí kanlẹ̀ dúpẹ́, ó sì sáré lọ kan ilẹ̀kùn Tàjùdíìnì.

"Ẹ bá mi pè wọ́n nílé, sà. Ẹ ní mo lè wá báyìí. Ìwé mi ti jáde."

Tàjùdíìnì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ìwé? Ìwé lo ń dúró dè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yéè! Wọ́n ti so yìgì fún Àlíyù lóṣù kẹsàn-án. Ìyá wa ló wá ìyàwó." Ó di orí mú. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Èmi náà, ìwé ni kò jẹ́ kí n lọ sin bàbá mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ sọ fún wọn nílé?"

Tàjùdíìnì fi apá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Rafiat wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Howth. Ó rin ọ̀nà tó ti há sórí, ó ń nàka díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe. "Ibí ni wọ́n ti ń já ẹja. Erékùṣù nìyẹn." Ó rìn títí dé ìparí ògiri òkúta tó wọ inú òkun lọ, níbi tí ọ̀nà ti tán. Ibẹ̀ ló ti la ẹnu sọ èyí tí kò lè sọ ní Ringsend.

"Àlíyù, ìwé mi ni kò tíì jáde."

Òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn kọjá kí i. "Grand day."

"Grand," Rafiat dáhùn, ó sì yí padà síbi ọkọ̀ ojú irin.