Ẹni Tó Ń Jí Ṣáájú Àkùkọ

Ọ̀sán gangan ni Bíríkìlà kú, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgbàlá, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Kí omi tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ru sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni o. Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ ikú náà kò bá a wọlẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ni Télọ̀, ẹni tí ikú ọ̀hún dùn jù. Nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há Télọ̀, Bíríkìlà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Òun ló dúró tì í títí wọ́n fi là á, tí wọ́n yọ kókó tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́. Òun náà ló ń wọlé gbọ́rọ̀ lẹ́nu dókítà. Nínú ìdílé wọn, aláìsàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo. Àgbà ló ń gbọ́ ọ, àgbà ló sì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Kò sẹ́ni tó rò ó pé àgbà náà lè kú kó tó lanu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Télọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Egbò ti jiná, ó ń jẹun dáadáa, àfi ohun kan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá súnmọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ á fẹ́, ara rẹ̀ á gbóná, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó dìde kò ní dìde. Ó kọ́kọ́ ní àárẹ̀ ni. Ó tún ní ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni. Nígbà tó yá, kò rí orúkọ pè é mọ́, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Èyí tó tún ń tì í lójú ni pé ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, á jò. Bó bá wúkọ́, á jò. Ó wá ń gé àjákù aṣọ àwọn oníbàárà, á ṣẹ́ etí wọn, á fi tẹ́ inú ṣòkòtò. Èyí tó bá rin, á jù ú sínú korobá tó ní ìdérí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, á bá wọn ní fífọ̀, ní kíká, nínú àpótí ìdí ẹ̀rọ. Ó gbà pé ìyàwó òun ni. Ìyàwó ò sọ nǹkan kan, òun náà ò sì bi í.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà iṣẹ́ abẹ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í wo àna rẹ̀ lójú, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ìwà jẹ́jẹ́ yìí gan-an ló kọ́kọ́ bí Ẹnu-ò-sinmi nínú. Ẹnu-ò-sinmi yìí ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ lóbìnrin, ó ń ta búrẹ́dì lójú pópó, bí wọ́n sì ṣe ń pè é náà ló rí.

"Láti ìgbà wo ni ikú ti wọ ìdílé wa?" ó bi Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé kì í ṣe ìgbà tí ìyá yẹn wọlé rẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Mo fojú mi rí i! Mò ń lọ gbé búrẹ́dì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, àkùkọ ò tíì kọ. Ó di ẹrù sábẹ́ apá, ó ń wẹ̀yìn wò bí olè. Àwọn ẹyẹ funfun yí i ká lẹ́yìn ilé, ó ń rìn láàárín wọn, wọn ò fò! Ẹyẹ wo ni kì í sá fún èèyàn?"

Télọ̀ fẹ́ bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ tó ti di sínú láti ọjọ́ yìí wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè ṣe ọkùnrin mọ́."

Ẹnu-ò-sinmi káwọ́ lérí. "Ó ti gba ẹ̀mí àgbà, ó tún gba nǹkan ọkùnrin lára àbúrò! Kí ló tún kù?"

Oorun dá lójú Télọ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á dìde jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ojú sánmà ṣe ń funfun bọ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ rèé lóòótọ́, ó lóṣòó sẹ́yìn ilé, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ẹyẹ funfun ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Télọ̀ wá rí: àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé, èyí tí òun fúnra òun ṣẹ́ etí rẹ̀. Aṣọ tó kan òun níbi tó bò jù lára, lọ́wọ́ ìyá yìí! Ó fẹ́ kígbe, kàkà kí igbe jáde, ìtọ̀ ló jáde.

Kò lè pa á mọ́ra. "Ìyá rẹ á kúrò nílé yìí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Àwọn ẹbí mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Kí ló ṣe?"

"O mọ ohun tó ṣe mí. Ìwọ lò ń sùn tì mí."

Ìyàwó wò ó títí. "Tí ìyá mi bá lọ, mo bá a lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú, ẹ ò dé ọ̀dọ̀ dókítà mọ́. Ẹ lọ bi í. Tó bá ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù ìyá mi."

Télọ̀ lọ láàárọ̀ Sátidé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun nìkan máa wọ yàrá dókítà. Ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láìgbójú sókè.

Ẹnu ya dókítà. "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ò sọ fún yín ni?"

"Sọ kí ni?"

"Àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà, wọn ò nípọn ju òwú tí ẹ fi ń ránṣọ lọ. Wọ́n lẹ̀ mọ́ kókó yẹn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ló ń jíṣẹ́ fún nǹkan ọkùnrin pé kó dìde. Jẹjẹrẹ ti ràn dé ti apá kan, a ní láti gé e mọ́ ọn. A dá ti apá kejì sí, àmọ́ ó fara gbọgbẹ́. Ẹ ń ránṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún ni kò dé."

"Ṣé ó máa padà?"

"Èyí tó gbọgbẹ́ lè jí díẹ̀díẹ̀, ó lè pẹ́ tó ọdún kan tàbí méjì. Ó sì lè má padà sí bó ṣe wà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n oògùn wà, abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀rọ wà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀. Ìtọ̀ tó ń jò yẹn náà sábà máa ń dínkù. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ní kí n fi yín sílẹ̀, pé àwọn á sọ ọ́ tí ara yín bá le." Dókítà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Wọ́n ń di orí mú lọ́jọ́ náà. A wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ga gan-an, a ní kí wọ́n dúró gba ìtọ́jú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kọ́ ni aláìsàn."

Gbogbo ọ̀nà ilé ni Télọ̀ fi sunkún. Ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹkún ara rẹ̀ náà ni.

Àwọn ẹbí ti kún àgbàlá nígbà tó dé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bíríkìlà kú sí, ó doríkodò. Ẹnu-ò-sinmi ti já ẹrù aṣọ gbà lábẹ́ apá rẹ̀ bó ṣe ń gbé e wọlé, ó ti tú u sílẹ̀.

"Ẹ wò ó! Aṣọ ara àbúrò mi rèé! Ìyá, kí lẹ ń fi í ṣe?"

"Mi ò lè sọ," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà, ó gbé e símú. Òórùn ọṣẹ ló ń ta. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń fọ̀ wọ́n?"

"Èmi? Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ̀ ń fọ̀ wọ́n!"

Ìgbà yẹn ló wá yé Télọ̀. Ìyá tí kò lè wo àna rẹ̀ lójú ló ń fọ aṣọ ìtọ̀ rẹ̀ kí ilé tó jí. Omi tó ń dà nù ló ń lé ekòló jáde, ekòló làwọn ẹyẹ ń ṣà. Àdúrà ni ẹnu rẹ̀ fi ń mì. Wọ́n sì fẹ́ lé e bí àjẹ́, ó kọ̀, kò tú àṣírí.

Télọ̀ mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́, orúkọ àjẹ́ á tẹ̀lé ìyá náà dé sàréè. Tí òun bá sọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ó dìde láàárín wọn.

"Ìtọ̀ ń jò lára mi," ni ó wí. "Èmi ni mò ń tọ̀ sáṣọ yẹn, Màmá ló ń fọ̀ ọ́. Mi ò sì lè bá ìyàwó mi sùn, torí wọ́n gé iṣan mi níbi iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ikú ni kò jẹ́ kó sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ẹnikẹ́ni ò jẹ wá."

Ẹnu-ò-sinmi fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ìyá ìyàwó gbé ojú sókè, ó sì wo Télọ̀ lójú fún ìgbà àkọ́kọ́, omijé ń dà.

"Àna mi, kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́? Torí kí wọ́n má baà mọ̀ ni mo ṣe ń jí ṣáájú àkùkọ."

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Nígbà tó dìde, ó ṣa àwọn aṣọ náà nílẹ̀, ó sì ń sá wọn sórí okùn iwájú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú oòrùn, níbi tí èrò ọ̀nà ti ń rí wọn. Ìyàwó rẹ̀ bá a sá wọn. Nígbà tó ṣe, Ẹnu-ò-sinmi náà rọra bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ funfun wá sẹ́yìn ilé. Wọ́n bá ilẹ̀ ní gbígbẹ, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fò lọ. Àkùkọ ló kọ́kọ́ jí nínú ilé náà.