Ẹni Tó Ń Bọ̀ Là Ń Lọ Pàdé

Orí àkàbà ni obìnrin náà wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ń kun lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lára pátákó ilé búrẹ́dì ọkùnrin náà, ọ̀dà pupa sì ti bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́dà," ọkùnrin náà ké sí i láti ìsàlẹ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá fi nǹkan sẹ́nu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ni."

Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀. Fúláwà ti bo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ yan òun náà. Ẹ̀rín pa á débi pé ó di àkàbà mú.

"Ọwọ́ wo ni kí n fi jẹ ẹ́?" ó sì na ọwọ́ pupa náà sí i.

Nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, Oníbúrẹ́dì bu búrẹ́dì náà, ó fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tutù, ó sì fi í sí i lẹ́nu. Obìnrin tó ti ń se oúnjẹ ara rẹ̀ láti kékeré, nítorí pé ìyá rẹ̀ tètè kú, tó sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́, la ẹnu gbà á láìjanpata. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Kò rí ọkùnrin tó ń fẹ́ oúnjẹ tutù fún ẹlòmíràn rí.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, iṣẹ́ tí kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Bó bá kun lẹ́tà kan tán, á ní kò dán tó, á tún un kùn. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, bi í pé, "Ṣé orúkọ gbogbo aráàlú ni wọ́n ní kó o kọ sára pátákó yẹn ni?" Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di tọkọtaya, òkè ilé búrẹ́dì ni wọ́n sì ń gbé.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, Ọlọ́dà tẹjú mọ́ èékánná ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkọ mi, wá wò ó," ó ní. "Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ya èyí. Ta ló ní irú sùúrù yìí?"

Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ayọ̀ sì kún inú wọn, wọn ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Ọmọ náà dàgbà, ó sì ya ẹlẹ́nu. Ta ló ń tan oòrùn? Níbo ni iná máa ń lọ tí wọ́n bá pa á? Kí ló dé tí búrẹ́dì fi ń wú tí òkúta kì í wú? Wọ́n wá ń pè é ní Ìbéèrè, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń da tọkọtaya yìí rú. Oníbúrẹ́dì gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dá jókòó. Àwọn mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ bí, ó sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá lọ síbi iṣẹ́ ìfọṣọ, gbogbo wọn ló sì yè. Ọlọ́dà ní ìyẹn ò kan òun.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin kọ́ là ń dá fi sílẹ̀," á wí.

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ìfẹ́ mi. Ìsàlẹ̀ níbí ni mo wà."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀."

Wọ́n á rojọ́ náà títí, ọ̀kan nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó ní òdìkejì títì ní kí Ọlọ́dà wá tún pátákó òun kùn. Ó gbé àkàbà rẹ̀ lọ láàárọ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì. Ó ti ń kun ìlà kejì nígbà tó gbọ́ ohùn kékeré kan nísàlẹ̀.

"Màmá, ẹ ti pẹ́ jù."

Ìbéèrè ló dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà, ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń wòkè. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ó ń wá ọkọ rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Títì ńlá nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Agolo ọ̀dà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe dé ilẹ̀. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí, léjìká, lẹ́sẹ̀, kò sí ibi tó dùn ún. Ọmọ ọwọ́ àná ló la ibi tí àgbà ń wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà kọjá yìí.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni Oníbúrẹ́dì já jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo orúkọ ọmọ. Nígbà tó rí wọn, ó fara ti ògiri.

"Mo ní kó jókòó," ó ń wí. "Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀. Búrẹ́dì ti pọ́n nínú ààrò, mo kàn fẹ́ yọ ọ́ ni. Kò ṣeé fi sílẹ̀!"

"Búrẹ́dì ni kò ṣeé fi sílẹ̀! Ọmọ ló wá ṣeé fi sílẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀! Nígbà tiwa, ìyá wa..."

"Ìyá rẹ ò ní títì lẹ́nu ọ̀nà!"

Ọ̀rọ̀ di bóò lọ, o yà mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọlọ́dà ti kó aṣọ tirẹ̀ àti ti ọmọ, ó ti wà nílé bàbá rẹ̀.

Bàbá tó wakọ̀ títí tó fi hu ewú gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí. "Ọmọ mi, mo ti wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn. Nínú dígí wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin ò sí láyé. Jókòó sílé mi níbí."

Oníbúrẹ́dì ń wá. Ojoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Bàbá á gba búrẹ́dì náà, á sì ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣé ẹ tún gbà á ni?" Ọlọ́dà á bi í.

"Búrẹ́dì ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni," Bàbá á fèsì, á sì máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọlọ́dà á yọjú lójú fèrèsé, á rí i tó ń padà lọ, tí èjìká rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ò dín rárá, ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dijú báyìí, títì ńlá náà ló ń rí. Kò mọ bí òun ṣe máa tún fọkàn tán ọkùnrin náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ náà wá bẹ̀ ẹ́. "Ìyàwó mi, ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Padà sílé."

"Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá, ojú mélòó ló wà lára ọmọ náà?"

Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọlọ́dà ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá. Ó fẹnu kò ó lójú, ó ní, "Mò ń bọ̀ o, ayọ̀ mi." Ó yíjú padà, ó rí i pé Ìbéèrè ń wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń múra sílẹ̀ ni. Tí ẹ bá pẹ́, màá wá pàdé yín."

"Pàdé kẹ̀?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ ni." Ọmọ náà wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ò mọ̀wé. "Ẹni tó ń bọ̀ là ń lọ pàdé. Nílé wa, tí Bàbá bá ti ní, 'Màmá ẹ ń bọ̀,' ṣebí a máa ń sáré lọ pàdé yín lórí àtẹ̀gùn ni?"

Ọlọ́dà rọra jókòó sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tó o kọjá títì yẹn, ta lo wá pàdé?"

"Ẹ̀yin."

"Bàbá ẹ náà ní òun ń bọ̀."

"Bàbá ń kọrin nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Wọn ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ lọ, tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀, tẹ́ ẹ ò dé."

Háà. Ọlọ́dà fọwọ́ bo ẹnu. Láti kékeré ló ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó mọ̀. Ta ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ? Bí èèyàn bá ń jáde, á ní òun ń bọ̀, kó lè padà láyọ̀. Àgbàlagbà mọ̀ pé ìdágbére ni. Ọmọ náà gbọ́ ọ bó ṣe rí lẹ́nu gan-an, ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó sì gba àárín ikú kọjá wá pàdé ìyá rẹ̀. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ẹ̀rù ọmọ náà ba ìyá rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ohun tó ga ju òun lọ.

"Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọkọ mi," ó wí fún bàbá rẹ̀.

"Má dán an wò! Wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé ẹ lórí."

"Bí wọ́n bá gbé e lé mi lórí, màá rù ú, Bàbá. Mi ò lè máa bínú sí i nítorí nǹkan tí ẹnu mi dá sílẹ̀."

Ó mú ọmọ dání, ó lọ. Ó bá Oníbúrẹ́dì nídìí tábìlì, ó ń po fúláwà, ìyá rẹ̀ ń bá a to páànù. Kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀rín ẹlẹ́yà.

Oníbúrẹ́dì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó ní. "Ẹni yòówù kó wá pàdé, èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ì bá bi mí, ǹ bá sì dì í mú."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ fún un pé..."

"Èmi ni, Ọlọ́dà."

"Mo ní èmi ni!"

"Ẹ gbà mí o!" Ìyá ju páànù sílẹ̀. "Ẹ wo àwọn tó ń ja ẹ̀bi mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹran!" Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ mi. O ti ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ tipẹ́. Nígbà tí mo ń fi yín sílẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Mi ò rẹ́ni bá mi mú yín ni. Gbogbo ọ̀nà ni mo máa ń fi eré gbà padà sílé, ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Ẹ̀yin kàn ń rí mi tí mo bá ti nu ojú tán ni."

Oníbúrẹ́dì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó rìn lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, omijé sì ń la ọ̀nà nínú fúláwà ojú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí.

"Bí o bá wà níbi iṣẹ́, ìsàlẹ̀ níbí ni ọmọ máa wà, níbi tí ojú mi ti ń tó o. Bí ojú mi ò bá tó o, mi ò ní dáná ààrò. Àyànfẹ́ mi, mò ń bẹ̀ ọ́."

"Èmi náà, bí mo bá ń jáde, màá sọ ibi tí mò ń lọ fún un, màá sì sọ ìgbà tí màá dé." Ó fọwọ́ nu ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án.

Ohun kan ló kù tí kò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Oníbúrẹ́dì lóṣòó síwájú ọmọ.

"Ìbéèrè mi, báwo lo ṣe kọjá títì?"

"Ọwọ́ ló mú mi kọjá."

"Ọwọ́ ta?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ wá, kí n fi hàn yín."

Wọ́n tẹ̀ lé e jáde, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì létí títì. Ọmọ náà mi orí. "Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ṣinṣin. Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ wọn ń yún wọn, ọkọ̀ akẹ́rù ń kù gììrì kọjá. Ìbéèrè dúró létí ọ̀nà níbẹ̀, ó kéré bí nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ kan sókè, ó sì dúró, kò ṣiyèméjì rárá pé ọwọ́ kan ń bẹ níbì kan tó máa wá di òun mú.

Bàbá àgbà kan tó gbé àpò dání, tóun náà ń dúró kí ọkọ̀ kọjá, na ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó dì í mú. Kò tilẹ̀ wolẹ̀ kó tó ṣe é.

Oníbúrẹ́dì dijú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un kọjá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí wọn ò ní mọ̀ láéláé.

Ìgbà náà ni bàbá àgbà náà wá wo ìsàlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó sì gbóhùn sókè.

"Ta ló ni ọmọ yìí o?"

"Àwa ni!" Tọkọtaya náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sáré síwájú.

"Ẹ wá dì í mú nígbà náà," bàbá àgbà náà wí, ó sì fà á lé wọn lọ́wọ́.