Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Dókítà

"Ta ni aláta? Ṣé ata lẹ rí nínú igbá yìí ni?"

Bí Morónfólú ṣe pàdé Àdìó nìyẹn, ìbínú lójú, ọṣẹ lọ́wọ́. Kò tíì pẹ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Accra, ó ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ta ọṣẹ dúdú ní ọjà Makola. Gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú igbá rẹ̀ ló ń nawọ́ sí ọṣẹ, tó ń pè é ní "aláta, aláta." Ó fara dà á títí, ó wá sú u.

Ọkùnrin gíga kan tó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ sí èjìká ń kọjá lọ. Ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, ẹ má bínú. Wọn ò bú yín o. Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Aláta níbí. Aláta samína ni wọ́n ń sọ, ọṣẹ àwọn Yorùbá nìyẹn. Ọjà yín ni wọ́n fẹ́ rà, ẹ wá ń lé wọn."

Ojú ti Morónfólú. Ó fọwọ́ bo ẹnu, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Àdìó lorúkọ ọkùnrin náà. Accra ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń ṣe ní àdúgbò Darkuman. Ẹ dákun, irú ẹ̀rọ wo ló ń bàjẹ́ ní Makola lójoojúmọ́? Àdìó ṣáà ń wá. Á jókòó ti igbá ọṣẹ, á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà fún un, á sì máa kọ́ ọ ní èdè Twi díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Morónfólú kọ́kọ́ mọ̀ dájú ni "jáè", ìyẹn ni pé fi sílẹ̀. Òun ló máa ń sọ bí Àdìó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Jáè, jọ̀ọ́! Wọ́n ń wò wá."

"Ṣé kí n fi ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́?"

"Mo ní jáè!" Ṣùgbọ́n kì í fa ọwọ́ náà kúrò. Inú rẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Àǹtí Sàúdátù ló ní òun ò gbà. Òun ni ẹ̀gbọ́n tó tọ́ Àdìó dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo nínú ẹbí.

"Ọmọ dáadáa ni, mi ò jiyàn," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Twi, kò gbọ́ Ga, kò gbọ́ òyìnbó. Àdìó, lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀, ta ló máa bá dókítà sọ̀rọ̀?"

"Èmi fúnra mi ni, Àǹtí. Ẹnu tèmi ò ní ṣàìsàn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tí ọmọ aráyé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́! Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà, wọ́n so yìgì fún wọn.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dé góńgó. Bí Morónfólú bá fẹ́ ra ẹja, Àdìó ló ń bá a ná an. Bí wọ́n bá wọ tróótróó, Àdìó ló ń sọ ibi tí wọ́n máa bọ́ sílẹ̀. "Èmi ni ẹnu rẹ," ó máa ń sọ, "ìwọ ni ọkàn mi." Ta ló máa wá máa fi Twi dá ara rẹ̀ láàmú? Morónfólú jókòó sínú ìfẹ́ náà, kò kọ́ ju èyí tó ti mọ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Àdìó ṣe ń mu kóókó lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ife sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Boadu tó ń tọ́jú ẹbí wọn, ẹnu ti padà sáyè rẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó fẹ́ dí ọ̀nà. Ó ní kó máa lo oògùn kan lójoojúmọ́.

Oògùn ọ̀hún kò bá a lára mu rárá. Itan ń ro ó, èjìká ń ro ó, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ wò di ẹsẹ̀ arúgbó. Ó padà lọ. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, Bàbá Àrówólò, aláìsàn bíi tirẹ̀, ní òun ti ń lo oògùn kan náà láti ọjọ́ pípẹ́, orí kì í fọ́ òun. "Ọlọ́run ló rán dókítà yìí sí mi," ni bàbá wí.

Alhájà Fàrídà, tó jókòó tì wọ́n, tó mú àbúrò rẹ̀ wá, yínmú. "Oògùn yẹn náà ló fẹ́ sọ mí di arọ. Àmọ́ dókítà tèmi ní Madina gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ ọ?"

Nígbà tó kan Àdìó, Dókítà Boadu ò gbé orí sókè nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ara ríro ò lè ṣàì sí fún ẹni tó ń dàgbà, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Àdìó jáde pẹ̀lú ìbínú.

"Mi ò tún ní í padà síbẹ̀. Ìwé ló ń wò, kò wo èmi."

Morónfólú á fi òrí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á lẹ́sẹ̀, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká fi oògùn yìí sílẹ̀. Ẹ ti ń rù."

"Tí dókítà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, màá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Ni Morónfólú bá pe dókítà fúnra rẹ̀ láti Makola. Ó ko gbogbo Twi tó mọ̀ jọ, ó ṣàlàyé pé ara ń ro ọkọ òun, ṣé kó fi oògùn sílẹ̀? Àwọn aláárù ń pariwo "Àgó! Àgó!" lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìka di etí kejì. Dókítà sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò yé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí dókítà sọ lẹ́ẹ̀mejì, Morónfólú sì gbá a mú, nítorí ohun tó ti ń gbàdúrà láti gbọ́ nìyẹn. Jáè. Jáè.

Kò dúró ta ọṣẹ mọ́. Ó sáré wọlé.

"Ọkọ mi! Dókítà ní kí ẹ fi sílẹ̀!"

"Òun fúnra rẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́! Jáè, jáè!"

Àdìó wò ó tìyanu-tìyanu. Ó gbé e mọ́ra tòun ti ẹsẹ̀ tó ń ro ó. "Ìyàwó mi ti ń gbọ́ Twi!" Kíá ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí, ẹ gbọ́ o, ta ló bá dókítà sọ̀rọ̀ fún mi? Morónfólú ni!"

Ó pa oògùn tì. Ara rẹ̀ yá, ó ń fi súfèé ṣiṣẹ́, ó tún ń wá jókòó ti igbá ọṣẹ. Morónfólú ò rí ayọ̀ tó tó ìyẹn rí láyé rẹ̀.

Kò pẹ́. Wọ́n bá a lórí ẹ̀rọ ní Darkuman, ó dojú dé e, apá kan ara rẹ̀ ti kú. Rọlápárọsẹ̀.

Ní ọsibítù, Yorùbá ti lọ pátápátá lẹ́nu Àdìó. Ìwọ̀nba Twi tó fi ṣeré lọ́mọdé ló kù, ìyẹn náà kò já gaara. Morónfólú di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Àdìó la ojú, ó wò ó, ètè rẹ̀ mì.

"...yáè."

Jáè. Fi mí sílẹ̀. Ohun tí Morónfólú gbọ́ nìyẹn. Ṣé ọkọ òun ń bínú sí òun ni? Àbí ìrora ni? Ó rọra fi ọwọ́ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Omi jáde lójú Àdìó. Obìnrin náà ò lè wò ó, ó jáde.

Àǹtí Sàúdátù àti Dókítà Boadu dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà bi í ní ìbéèrè kan.

"Ó ní kí ló dé tí Àdìó fi oògùn sílẹ̀," Àǹtí túmọ̀ rẹ̀.

"Òun náà ló ní kó fi sílẹ̀! Ó sọ fún mi lórí fóònù. Jáè, lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Àǹtí Sàúdátù ò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń wo ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Àǹtí, kí ló wí?"

"Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀." Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ní 'ǹyáè' lòun sọ. Jáè ni pé fi sílẹ̀. Ǹyáè ni pé má fi sílẹ̀. Ó ní kó má fi sílẹ̀, kó wá rí òun, òun máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní ó yẹ kóun ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ ké."

Dókítà tún ń sọ nǹkan, pé bóyá rọlápárọsẹ̀ náà ì bá ṣì dé, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Morónfólú ò gbọ́ ọ mọ́. Gbogbo ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ Àdìó, Àdìó ò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó má fi nǹkan kan sílẹ̀. Kò sí ìdí tí ì bá fi kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

"Ǹyáè. Má fi mí sílẹ̀."

Ariwo tó ké, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ ọ. Ó sáré padà wọlé.

Ọwọ́ Àdìó wà níbi tó fi í sí, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Morónfólú fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò fún tirẹ̀ padà mọ́.

"Ọkọ mi, ó ti yé mi. Ẹ dákun, ó ti yé mi. Mo wà níbí. Ǹyáè, ẹ gbọ́? Ǹyáè."

Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó wo ojú Àdìó, ó pa ìpéǹpéjú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin náà.

"Jáè," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ìyá, jáè."

Lọ́tẹ̀ yìí, Morónfólú gbọ́ ọ yéké. Kò fi sílẹ̀.